Orúkọ Ilé, Orúkọ Ìwé

   Ẹ rọra ka tòní o, torí ó gùn díẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan pè mí láti Birmingham. A kò mọ ara wa rí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí. Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀. Èmi náà da omi lójú díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ní ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti gba ọ̀nà kan kọjá ló lè sọ ibi tí kòtò wà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ mi ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n yí àwọn orúkọ padà, mo sì ti yí wọn padà. Ṣùgbọ́n mo wá èyí tó jọ tiwa, kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ má baà sọnù.

Òṣogbo la ti bí i, lọ́dún 2001. Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà ni ìyá mi kú. Olọ́ṣun ni ìyá mi, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn. Nígbà tí ọmọ dé, tí agbẹ̀bí ní obìnrin ni, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ keje la sọ ọ́ lórúkọ, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe fún ọmọbìnrin. Ká ní ọkùnrin ni, à bá dúró di ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àgbà kọ̀ọ̀kan á ju owó sínú omi, á sọ orúkọ tirẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ju tiẹ̀, ó ní Yétúndé. Ìyá ọkọ mi ní Àbẹ̀kẹ́. Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀ torí pé ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń gbé, pè é ní Ọ̀ṣúnkúnlé. Àwọn mìíràn náà sọ tiwọn. Nígbà tí ọkọ mi lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí, Yétúndé Àbẹ̀kẹ́ ló kọ. Orúkọ méjì péré ló rántí lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, a di ọmọ ilẹ̀ ibí pẹ̀lú. Báyìí ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe di méjì nínú àpótí mi, ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin, lẹ́tà F kan náà ló wà níbẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà tó sọ fún mi. Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Obìnrin tí ẹ ń pè mí yẹn, n kì í ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀." Mo ní kí ló wá jẹ́? Ó ní ọkùnrin lòun. Èmi ò mọ ohun tí mà bá sọ. Mo ní, "Àmàlà ti jinná, gbé abọ́ wá." A jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún oṣù tó pọ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àwọn méjèèjì ní bálùwẹ̀ níwájú dígí, ó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní transgender nìyí. N kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó gbé e, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tí a bí, tí a ní obìnrin ni, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ara rẹ̀ ní ọkùnrin, tàbí ẹni tí a ní ọkùnrin ni, tó mọ ara rẹ̀ ní obìnrin. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èdè wa kò bá mi jà rárá. "Ó" ni mo ti ń pè é láti inú oyún, "ó" ni mo ṣì ń pè é. Ó jẹun, ó sùn, ó bínú. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ní irú ọmọ yìí, "he" àti "she" ló máa ń gbé e ṣubú lójoojúmọ́. Tèmi, orúkọ ló gbé mi ṣubú.

Ó fẹ́ máa jẹ́ Túndé. Ó rò pé inú mi á dùn, pé òun kàn gé "Yé" kúrò níwájú ni. Mo pe bàbá mi ní Òṣogbo. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, ó ń gbọ́, kò fèsì. Ìgbà tí mo dé ibi orúkọ ló lanu. "Túndé wo? Babátúndé? Ta ló kú? Èmi tí mo jókòó síbí tí mò ń jẹ iṣu, ẹ ti ń sọ pé mo ti padà dé?" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, èmi àti ọmọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ rẹ́rìn-ín láti oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹnìkan kì í jẹ́ Babátúndé nígbà tí bàbá ṣì wà láyé.

Lóru ọjọ́ yẹn, n ò lè sùn. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ fún yín, nítorí ilé wa nìyí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí Yétúndé bá kúrò lára ọmọ yìí, ṣé ìyá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn? Èmi tí n kò bá wọn sọkún tó nígbà tó kú, nítorí oyún tó wà nínú mi. Ọmọ ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n ní, "Dákẹ́, ó ti dé." Ogún ọdún ni mo ti fi ń pe ìyá mi wá jẹun lójoojúmọ́. Ní báyìí, ẹni tí mò ń pè ní kì í ṣe òun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ifá, lọ́dọ̀ bàbá tó máa ń bá wa ṣe é níbí. Mo ti múra ìbéèrè mi sílẹ̀: ṣé òótọ́ lohun tí ọmọ yìí ń sọ, àbí òjò tí yóò dá ni? Bàbá wò mí. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè tiyín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ yan orí fún un, òun ló yàn án. Kí ni ẹ fẹ́ mọ̀ tó jẹ́ tiyín?" Ó pẹ́ kí n tó rí i sọ. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá mi á bínú, mo sì fẹ́ mọ orúkọ tí yóò san ọmọ mi.

Odù tó jáde, ti ilé wa ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká bọ ìyá mi, ká má gbé orúkọ rẹ̀ sọnù, kí ọmọ sì wá orúkọ tí ẹnìkan ti fún un tẹ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló rú mi lójú. Orúkọ wo ni wọ́n ti fún un?

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló fara mọ́ ọn o. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní èèwọ̀ ni, pé bí Ọbàtálá bá ti mọ ènìyàn, ó ti mọ ọ́n tán. Mo rán wọn létí ẹlẹ́gùn Ṣàngó: ọkùnrin, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ń di irun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà là ń pè é. Bàbá ní ti òrìṣà nìyẹn, kì í ṣe ti pásípọ́ọ̀tù. Mo gbà fún wọn níbẹ̀, kì í ṣe ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n rántí pé àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tó wà nínú ènìyàn lè ju ohun tí ojú ń rí lọ. Èmi àti bàbá yẹn ò tíì fẹnu kò títí dòní. A ṣì ń kí ara wa.

Ìyá Ìsàlẹ̀ ló tú u. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù wà lódì kejì odò. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé pé èmi náà sọ ọ́ lórúkọ ni? Ogún náírà tuntun ni mo jù sómi lọ́jọ́ yẹn! Ọ̀ṣúnkúnlé ni mo pè é. Ẹ̀yin lẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀ṣúnkúnlé. Ọ̀ṣun kún ilé. Ẹ gbé orúkọ yẹn yẹ̀ wò: kò sí ọkùnrin nínú rẹ̀, kò sí obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe Kúnlé ní ojú pópó, kò sẹ́ni tó máa wẹ̀yìn wo obìnrin. Ọmọ mi gbà á tayọ̀tayọ̀. Ọjọ́ ogún ọdún ló ti wà lórí rẹ̀, àwa ni a kò pè é.

A gbé obì àti omi tútù lọ síwájú ìyá mi, pẹ̀lú àkàrà àti ẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ràn. Nígbà tó kan ọmọ láti wúre, ó dúró gbagidi. Kò mọ̀ bóyá kó kúnlẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti kékeré, tàbí kó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó. Èmi ni mo la ẹnu. Mo ní, "Dọ̀bálẹ̀." Ó nà gbalaja. Obì yàn. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún ìyá mi dáadáa.

Orúkọ ilé parí síbẹ̀. Ó wá ku orúkọ ìwé.

Ẹlòmíràn á ní kí ni pásípọ́ọ̀tù já mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ yìí, òun la fi ń gbaṣẹ́, òun la fi ń gba yàrá, òun la fi ń ṣí àkáǹtì ní báńkì. Lọ́dún 2023 tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Spain, ọkùnrin onírùngbọ̀n ló na pásípọ́ọ̀tù Yétúndé, F, sí aṣọ́bodè. Wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n mú un wọ yàrá kan. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọkọ̀. Kò sọ fún mi títí di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí òfin ibí ń béèrè, kí ẹni tó bá kàn má baà ṣìnà bíi tiwa.

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ń pè ní Gender Recognition Certificate, èyí tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀. Òun ló ń mú kí òfin ka ènìyàn sí ọkùnrin tàbí obìnrin nínú ọ̀rọ̀ bí ìgbéyàwó, òun ni ẹni tí wọ́n bí síbí sì fi ń gba ìwé ìbí tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní láti pé ọdún 18. Ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, yóò mú ìwé dókítà wá, yóò sì fi hàn pé òun ti ń gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n dín owó rẹ̀ kù sí £5. £140 ni tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni pásípọ́ọ̀tù, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá ní ìwé ẹ̀rí yẹn kó tó lè yí i padà. Ẹni tí kò bá ní in lè mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ dókítà, tó sọ pé ìyípadà náà jọ èyí tí yóò dúró títí láé. Á fi ẹ̀rí pé ó ti yí orúkọ padà tì í, bí ìwé deed poll, àti ẹ̀rí pé ó ti ń lo orúkọ tuntun náà, bí ìwé owó oṣù tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kì í béèrè iṣẹ́ abẹ. M tàbí F nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan pe ìjọba lẹ́jọ́ pé òun fẹ́ X, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dájọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021 pé kò pọn dandan fún ìjọba láti fún un.

Orí tábìlì ilé ìdáná wa la ti kọ deed poll. Mo ti mú bírò. Ọmọ ní, "Màámi, ẹ̀yin ò lè fọwọ́ sí i." Ẹlẹ́rìí méjì ló nílò, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí tàbí ẹni tí a jọ ń gbélé. Ará Jàmáíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló fọwọ́ sí i, àti ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn.

Lẹ́tà dókítà ló pẹ́ jù. Dókítà àkọ́kọ́ ní òun kì í kọ irú ẹ̀. Èkejì ní ká máa retí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó rí ìwé kan tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mo kà á ní ìdúró, mo tún jókòó kà á. Títí láé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wá yé mi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti èmi, ìbéèrè kan náà la jọ ń béèrè: ṣé yóò pẹ́? Ṣé kò ní yí ohùn padà lọ́la? Àwọn gba ìlà mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà, ó tó wọn. Èmi tí mo bí i, tí mo ti rí i pé láti ìgbà tó ti ń jẹ́ Kúnlé ló ti padà ń kọrin nílé, èmi ni mo ṣì ń béèrè ẹ̀rí.

Nítorí pé ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwòrán àtijọ́, ó tún nílò ẹni tí yóò jẹ́rìí pé òun gan-an ni. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì ó kéré tán, kó jẹ́ ẹni tó níṣẹ́ tó dúró tàbí tó níyì láwùjọ, kó má sì bá a tan. Ẹ̀yin ará ilé, mo gbé oyún yìí fún oṣù mẹ́sàn-án, n kò sì lè jẹ́rìí pé òun ni. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló bá wa ṣe é. Lọ́jọ́ yẹn inú bí mi. Nígbà tó yá, mo rò ó pé bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìyá kọ́ ni láti jẹ́rìí fún ìjọba. Ẹ̀rí tèmi, níwájú ìyá mi ni mo ti jẹ́ ẹ, lọ́jọ́ tí mo ní kó dọ̀bálẹ̀.

Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sì fi í hàn, torí wọ́n fẹ́ kí orúkọ inú méjèèjì bára mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. A fi ti Nàìjíríà tó ti kú tì í, a sì kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé pé kò sí òfin tí a lè fi yí ọkùnrin tàbí obìnrin padà níbẹ̀. Wọ́n gba àlàyé wa. £88.50 la san lọ́dún 2024 yẹn. Ó di £94.50 ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ọjọ́ tó dé, èmi ni mo wà nílé. N kò já a. Mo gbé e síwájú Ọ̀ṣun títí tó fi ti ibi iṣẹ́ dé. OSUNKUNLE, láì sí àmì kankan lórí. M. Ibi tí wọ́n bí i sí, OSOGBO. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Màámi, ẹ wò ó, orúkọ Ìyá Ìsàlẹ̀ ti wọ ìwé."

Yétúndé kò wọ ìwé tuntun yẹn, ṣùgbọ́n kò sọnù. Bí a bá ń bọ ìyá mi, tó bá kan ọmọ, á ní, "Èmi Yétúndé yín ti dé." Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn lọ́dún. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu bẹ́ẹ̀, n kò bẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé ìwé wa yìí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Bàhíà àti ní Amẹ́ríkà, tiwọn sì yàtọ̀. Ní Brazil, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2018 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yí orúkọ àti ọkùnrin tàbí obìnrin padà nínú ìwé ìbí rẹ̀ láì lọ síwájú adájọ́, láì ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè lọ tààrà sí cartório, ibi tí wọ́n ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Bí ìwé ìbí bá ti yí, pásípọ́ọ̀tù á tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, ó rọrùn láti ọdún 2021, ènìyàn kàn ń mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ni, X pàápàá wà láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Ààrẹ Trump yí i padà ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, pé bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ni kí wọ́n kọ. Ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ìjọba láyè láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ ná. Ẹ rí i pé òfin ń yí. Ohun tó ṣeé ṣe lọ́dún tó kọjá lè má ṣeé ṣe lónìí, nítorí náà, ẹ wo òfin ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù gan-an.

Ilé wa ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, ènìyàn lè yí orúkọ padà: á lọ búra ní kóòtù, á gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ti orúkọ nìyẹn. Ti ọkùnrin tàbí obìnrin, kò sí ilẹ̀kùn kankan. NIN ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù máa gbé jáde. Bí ọmọ mi bá ní òun fẹ́ lọ Òṣogbo pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ibí, ó di físà. Wọ́n á rí i pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, wọ́n lè béèrè ìwé àtijọ́ rẹ̀. Ìwé méjì, orúkọ méjì, M kan, F kan, ojú kan. Ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, n kò mọ irú ẹni tí yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà. Òfin ọdún 2014 tó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin kò sọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù rárá, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé kì í ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀.

Ìwé tó ṣí ilẹ̀kùn Spain fún ọmọ mi kò tíì ṣí ilẹ̀kùn ilé bàbá mi.

Odidi oṣù kan la fi jíròrò rẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun 2025 tó dé. Bàbá mi ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo ní bóyá ká gbìyànjú ẹ̀. Kúnlé ló ní rárá. Ó ní, "Màámi, bí wọ́n bá dá mi dúró níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ó máa sunkún. Bàbá Àgbà á gbọ́. N ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́." Mo dá lọ.

A tẹ̀ lé Arugbá dé odò, mo gba omi. Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi wà lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Túndé, wọn kò dárúkọ ọmọ náà rí. "Ọmọ ẹ ńkọ́?" ni wọ́n máa ń sọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Kúnlé dà?"

Mo ní kò lè wá, bàbá. Wọ́n ní kí ló dé? Mo ní ọ̀rọ̀ ìwé ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Kí ó máa kánjú o. Mo ṣì wà níbí." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bu díẹ̀ nínú omi Ọ̀ṣun yẹn sínú ìgò kékeré fún un. Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásípọ́ọ̀tù.

Fún ìyá Birmingham, àti ẹnikẹ́ni tó bá kàn, ohun díẹ̀ tí mo rí nìyí. Ẹ pe àwọn àgbà tó wà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ yín, ẹ bi wọ́n ní gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ. Orúkọ tí ẹ ń wá lè wà níbẹ̀. Ẹ lọ bi Ifá tiyín, torí ohun tó sọ nílé wa, ilé wa ló sọ ọ́ fún. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé kí ẹ tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yín sórí Facebook láì bi í. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ọmọ yín bá dúró níwájú òrìṣà tí kò mọ̀ bóyá kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Tèmi pẹ́ díẹ̀.

Kí Yèyé má jẹ́ kí ilé wa ṣófo. Kí ọmọ tó wà lókèèrè rí ọ̀nà wálé, kí àgbà tó ń dúró dè é má ṣe lọ kó tó dé. Àṣẹ.